Kí Lámilámi Onírin Tó Gbéra

Ilé bàbá mi àgbà wà ní Atikori, ọ̀kan nínú àdúgbò ńlá márùn-ún tí ó para pọ̀ di ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, tí a fi owó kòkó àti owó pákó kọ́ nígbà tí owó méjèèjì ṣì ń dún lápò àwọn ènìyàn, tí a sì fi páànù bò. Ẹni tí ó bá ti Àgọ́-Ìwòyè wá, tí ó gba Orù kọjá, yóò rí irú rẹ̀ púpọ̀ ní ìlú wa: fèrèsé onígi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, àti òrùlé tí ó ti dógùn-ún tí ó sì pọ́n bí ẹni pé a fi osùn kùn ún. Kò sí ẹni tí ó lè ti ìsàlẹ̀ mọ ohun tí ó wà lórí òrùlé náà. Ohun tí àwa mọ̀ kò ju pé bí òjò bá ti ṣú, Ìyá àgbà a ké sí àwọn ọmọ, wọn a sì máa gbé abọ́ lọ sí ibi tí abọ́ máa ń wà: ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, orí àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà yàrá tí a kó àpótí bàbá àgbà sí. Mo ka abọ́ wọ̀nyí nínú oṣù kẹwàá ọdún 2024. Méje ni wọ́n. Nínú oṣù kẹta ọdún 2025, lẹ́yìn ìjì kan tí ó jà ní òru, wọ́n di mọ́kànlá.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi lè bi mí pé, kí ló dé tí ẹ kò pe gbẹ́nàgbẹ́nà? A ní gbẹ́nàgbẹ́nà nínú ilé. Àbúrò bàbá mi ni, Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà ni gbogbo wa sì ń pè é. Ní ọdún 2009, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, òun ni ó gun òrùlé náà lọ láti wo ibi tí ó ń jò. Àkàsọ̀ kan ni ó gbé, pẹ̀lú òòlù àti ìṣó nínú àpò ṣòkòtò. Kò pẹ́ rárá tí a fi gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀. Ó wí nígbà náà, ó sì ń wí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà wá, pé igi ni ó dá lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Ṣùgbọ́n Bàbá Olórí-Ẹbí, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí pé kò sí igi kankan tí ó dá. Ó ní ẹmu ni ó gun òrùlé lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ènìyàn. Wọ́n ní kí ẹlòmíràn gòkè lọ wò ó, kò sí ẹni tí ó dá wọn lóhùn. Wọ́n dúró lórí àkàsọ̀, wọ́n ti páànù kan bo ojú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Awọ fẹ́ẹ́rẹ́ bo inú, kò jẹ́ kí a rí ikùn aṣebi. Páànù fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó bo àjà tiwa, kò sì jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó ń parọ́. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń tiro. Àga ìjókòó ni ó ń kàn báyìí, kò tún gun ohunkóhun mọ́.

Nígbà tí abọ́ di mọ́kànlá, ẹbí pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a ta ilé náà fún ẹni tí yóò wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojú títì. Àwọn kan ní kí a tún un ṣe. Bàbá Olórí-Ẹbí, tí kì í yára sọ̀rọ̀ owó, ní ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, kí a kọ́kọ́ mọ bí òrùlé ti rí ná. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gòkè? Ojú gbogbo wa lọ sí ẹsẹ̀ Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà, a sì dákẹ́.

Ibẹ̀ ni Bọ̀dá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya fídíò níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà, ó sì ní dróònù kan, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, tí abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ń gbé fò, tí kámẹ́rà rọ̀ mọ́ lábẹ́. Ẹni tí ó dúró nílẹ̀ ni ó ń fi rìmóòtù darí rẹ̀, a sì máa rí lójú fóònù rẹ̀ ohun tí kámẹ́rà náà ń rí lókè. Àwọn ọmọ ilé wa kò pè é ní dróònù. Lámilámi onírin ni wọ́n ń pè é, mo sì rò pé orúkọ wọn sàn ju tiwa lọ. Bọ̀dá ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, inú wa sì dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ohun tí ó sọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara, ẹ̀rọ tí kò wúwo tó ìwọ̀n oúnjẹ àárọ̀ mi ni yóò ṣe é.

Ó gbé e kalẹ̀ sórí páànù iwájú mọ́tò rẹ̀. Ó ní kí n dúró sí ẹ̀bá títì kí n máa bá òun wo ọ̀nà. Kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì béèrè. Àwọn ọmọdé kún ojúde, nítorí pé lámilámi dé. Ó gbéra, ó ń lọ tààrà ní etí òrùlé, ó ń lọ sí apá ibi tí igi àgbọn wa wà. Bọ̀dá ń wo fóònù. Mo rí i pé nǹkan náà ń súnmọ́ imọ̀ àgbọn, ẹ̀rù bà mí, mo kígbe pé, “Ẹ gba òkè! Òkè, Bọ̀dá, òkè!”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí títì wa ti rí. Ó dagun. Apá tí ó ga ni a ń pè ní òkè, apá tí ó rẹlẹ̀ ni a ń pè ní ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é kí a tó bí mi. Nínú àdúgbò márùn-ún ìlú wa pàápàá, méjì ni orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Òkè, Òkè-Agbo àti Òkè-Sopẹn, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí yóò gbé ojú rẹ̀ sókè ọ̀run. Àgbọn wà ní ìsàlẹ̀. Òkè tí mo wí ni apá kejì títì. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tọ́ Bọ̀dá dàgbà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bí àwo. Òkè tí òun mọ̀ ni òkè. Ó ti ọwọ́ rìmóòtù síwájú, lámilámi sì gbéra sókè gan-an, ó lọ kọlu wáyà iná tí ó la ojúde kọjá. A gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ìyá bá fọ́ ẹ̀pà. Ó já bọ́ sórí ṣìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti gbé ojú sókè tí ó ń wò ó. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣì ń yí. Ó gbé apá bo ojú, apá ni ó sì gé. Ojú márùn-ún ni wọ́n rán an ní ilé ìwòsàn.

Gbogbo ènìyàn bú Bọ̀dá. Ó gba èébú náà, kò sọ pé, “Ẹni yìí ni ó ní kí n gba òkè.” Mo rò pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ni ó ṣe é. Èmi mọ̀. Mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ní yunifásítì; mo ti jókòó nínú kíláàsì tí a ti ń sọ nípa ọ̀rọ̀ kan tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀, mo sì ti gba máàkì lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo kígbe rẹ̀ jáde lẹ́nu, tí ọmọdé fi ẹ̀jẹ̀ san án.

Mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò bá mi padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí ó yẹ kí a ti kà tẹ́lẹ̀. Mo rí i pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tí ó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní ilẹ̀ wa, ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé dróònù fò láìgba ìwé àṣẹ, àti pé ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ètò Ààbò Orílẹ̀-èdè pẹ̀lú gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí i. Bọ̀dá kò ní ìwé kankan. Kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó bi í. Mo ti máa ń rò pé ìjọba kàn fẹ́ràn ìwé ni. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti pápá ọkọ̀ òfurufú Gatwick nítòsí Lọ́ńdọ̀nù pa, kìkì nítorí pé àwọn ènìyàn wí pé àwọn rí dróònù níbẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye èrò sì ni ìrìn àjò wọn dàrú. Àwa náà kò sì jìnnà sí ọkọ̀ òfurufú mọ́, nítorí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápá kan sí agbègbè Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 400 ẹsẹ̀ bàtà sókè ni òpin ibi tí dróònù gbogbo ènìyàn lè dé, ẹni tí ó ń darí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó fi ojú òun sílẹ̀.

Mo rí ire rẹ̀ pẹ̀lú, kí n má baà ṣe bí ẹni tí ejò bù jẹ tí ó wá ń sá fún okùn. Nígbà tí iná jó òrùlé ìjọ Notre-Dame ní Paris ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019, dróònù ni àwọn panápaná fi ń wo ibi tí iná ń lọ, níbi tí ènìyàn kò lè dúró sí. Ní ọdún kan náà, dróònù ni a fi ya àwòrán Mákòókó ní Èkó láti òkè, kí àdúgbò tí ó wà lórí omi náà lè wọ inú máàpù. Ẹ̀rọ náà kò níláárí kankan fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò burú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwa kò sì fi ẹ̀sọ̀ mú un.

Olùkọ́ kan ní yunifásítì wa ni ó fi mí mọ ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì èyí, tí ó ní ìwé àṣẹ, tí ó ń fi dróònù yẹ òrùlé ilé iṣẹ́ àti ilé ìjọsìn wò. Ẹbí dáwó, pẹ̀lú ìkùnsínú. Ó dé ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò dákẹ́ díẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá àgbà àti Bàbá Olórí-Ẹbí, a gbé àga fún un, kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Wákàtí méjì ni ó fi rìn yí ilé náà ká, kò sì ṣí àpótí dróònù rẹ̀.

Ó wo wáyà iná, ó ya gbogbo ibi tí ó gbà sínú ìwé, títí kan okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ó béèrè ohun tí ó ga jù ní agbègbè náà. A ní igi àgbọn ni. Ó fi ọ̀pá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gúnlẹ̀, ó wọn òjìji rẹ̀, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì; ó wọn òjìji àgbọn, ó jẹ́ 36. Ó ní, “Àgbọn yín ga ní 54 ẹsẹ̀ bàtà.” Ó wá ṣàlàyé fún mi pé bí dróònù bá pàdánù ìró rìmóòtù, a máa dá padà wá sílé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tààrà ni ó mọ̀, bí a kò bá sọ fún un tẹ́lẹ̀ ibi gíga tí yóò gbà, àárín igi ni yóò gbà kọjá. Ó fi í sí 100. Ó bi mí níbo ni Bọ̀dá ti gbé tirẹ̀ gbéra. Mo ní orí mọ́tò. Ó mi orí: irin a máa da kọ́ńpáàsì inú rẹ̀ láàmú. Ó yan àárín àgbàlá, níbi tí kò sí irin, ó ní kí a wá pákó tí yóò bà lé, kí a ta okùn yí i ká, kí a sì so àwọn ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ohun tí ń bẹ ní ẹ̀yìn odi. Ẹnu yà mí, nítorí pé òrùlé tiwa ni a pè é sí. Ilé kejì ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí kò ní òrùlé, gẹ́gẹ́ bí ó ti pọ̀ ní ìlú wa. Ó rán mi lọ bá àwọn obìnrin ilé náà, pé kí wọ́n sọ àkókò tí ẹnikẹ́ni kò ní wẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, nítorí pé èyí tí ó wá níjelòó kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní apá kànga, ojúbọ ìdílé kan wà tí obìnrin kì í wò. Bàbá Olórí-Ẹbí ní òun kò fẹ́ kí ojú kankan ti ọ̀run wò ó. Mo ń wo ẹnu alejò wa bóyá yóò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ìbá rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìlà sórí ìwé, ó ní, “Bàbá, bí a bá dé apá ibẹ̀, lámilámi yóò kọ ẹ̀yìn sí i. Bí a bá sì wà ní apá títì, ilẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà yóò máa wò.” Bàbá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń pè é ní “ọmọ mi.”

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà kò pẹ́ kó tó fẹ́ bàjẹ́. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ imọ̀ àgbọn mọ́ra, ìkùukùu sì ń kóra jọ. Ní ilé tí ó kọjú sí wa, wọ́n ń ta ìbòrí fún ìkómọ, èrò sì ti ń dé. Ọkùnrin náà gbé àpótí rẹ̀, ó ní òun kò ní fò lónìí. Bàbá Olórí-Ẹbí dìde. “Ṣé owó tí a san kò pé ni?”

“Owó yín pé, Bàbá. Ọjọ́ ni kò pé.”

Bàbá ní ta ni yóò san owó mọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun ni. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá àgbà, ó wọ mọ́tò, ó padà sí Èkó. Àwọn kan nínú ẹbí ní gbájú-ẹ̀ ni. Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ní bí òun bá rí ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ fún òun ní ọdún 2009, ẹsẹ̀ méjèèjì ni òun ìbá fi máa rìn. Kò sí ẹni tí ó fèsì.

Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Nígbà yìí ni mo sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún un, ìyẹn ọ̀rọ̀ òkè tí mo kígbe. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Nígbà náà, ìwọ ni yóò kó ọ̀rọ̀ wa jọ.” Ó ní nínú iṣẹ́ àwọn, ẹni tí ń darí kì í jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, olùṣọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí ojú rẹ̀ yóò wà lókè, tí kò ní wo fóònù rárá, nítorí pé ẹni tí ó ń wo fóònù, ohun tí kámẹ́rà ń rí nìkan ni ó rí, wáyà sì máa ń wà ní ẹ̀yìn kámẹ́rà. Òun yóò darí, èmi yóò ṣọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wà láàárín wa ni ó kù.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé. Ọ̀tún àti òsì kọ́kọ́ lọ, nítorí pé bí lámilámi bá kọjú sí ni, ọ̀tún rẹ̀ ni òsì ẹni. Òkè lọ pẹ̀lú, mo fi ọwọ́ ara mi fa ìlà sí i. A fi orúkọ ohun tí ojú rí pe apá ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Títì ní iwájú, Kànga ní ẹ̀yìn, Mọ́ṣáláṣí ní ibi tí ilẹ̀ ti ga. Fún apá kẹrin, ó kọ Àgbọn. Mo ní rárá. Bí mo bá kígbe àgbọn nínú afẹ́fẹ́, tí ẹ̀rù sì ti yí ohùn mi padà, agbọ́n ni ẹlòmíràn yóò gbọ́, agbọ́n sì wà lábẹ́ etí òrùlé wa ní tòótọ́. Gbogbo ènìyàn yóò ká sáré. Ká má sọ ti agbọ̀n, ká má sì sọ ti àgbọ̀n tí ó wà lábẹ́ ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó pa á rẹ́, ó kọ Igi. Olùkọ́ mi tí ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ohùn kò mọ̀ pé òun ti gba ẹnì kan là ní Atikori. “Gbé e” ni kí ó lọ sókè, “Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀” ni kí ó rẹlẹ̀, “Dúró” ni kí ó dúró lójú kan.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí ó ní kì í ṣe tèmi nìkan. “Wálẹ̀!” Ẹnikẹ́ni tí ó wà nínú àgbàlá náà, àgbà tàbí ọmọdé, ni ó lè kígbe rẹ̀, òun yóò sì gbé lámilámi balẹ̀ ná kí ó tó béèrè ìdí. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí bí kò bá sí nǹkan kan. Ó pe àwọn ọmọ jọ, ó kọ́ wọn, wọ́n kígbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni ń ka álífábẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà wà láàárín wọn, ó fi ọwọ́ kan mú apá rẹ̀ tí ó ní àpá.

Agogo mẹ́jọ ni ó gbéra, nígbà tí oòrùn ṣì dagun, tí òjìji ń fi hàn ibi tí páànù ti gbé etí sókè. Ọ̀sán gangan kò dára, nítorí pé dídán páànù a máa fọ́ kámẹ́rà lójú. Ó ti yẹ abẹ̀bẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti dúró títí ẹ̀rọ náà fi rí sátẹ́láìtì tí ó tó. Bátìrì rẹ̀ lè gbé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣe é ti wí, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjìlá ni òun ṣètò. Bí ó ti gbéra, àgbébọ̀ adìyẹ kan rò pé àwòdì ni, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín; ojú mi wà lókè. Ọrùn ń ro mí. Ẹ kò mọ bí ó ti nira tó kí gbogbo ilé máa pariwo sí ohun tí ó wà lójú fóònù, kí ènìyàn má sì bojú wò ó.

“Dúró,” ni mo wí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí àṣá kan kọjá. Ó dúró. Àṣá lọ. “Máa lọ, Mọ́ṣáláṣí.” Ó ń lọ.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹrin, ohùn tínínrín kan dún lẹ́yìn mi: “Wálẹ̀! Wálẹ̀!” Ọkùnrin náà kò wo ẹ̀yìn. Lámilámi yí padà, ó gba ọ̀nà rẹ̀, ó bà lé orí pákó, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dúró. Ìgbà náà ni a tó wò. Ìyá oníyangan kan tí ó máa ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé ti gbé igbá rẹ̀ dé abẹ́ okùn, kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń bọ̀ tààrà sí ibi tí a ta okùn sí. Ọmọ tí ó kígbe ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin náà bọ́ fìlà fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń bọ́ fìlà fún àgbà, ó ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá mi.” Ọmọ náà fi ojú pamọ́ sí ara mi. N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. A ra yangan, a jẹ ẹ́, ó tún gbéra.

Àròpọ̀ ìṣẹ́jú tí ó lò lókè jẹ́ mọ́kànlá, àwòrán 84. Ó gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹbí sì rọ́ yí i ká. Èyí tí ó fi díẹ̀ kan ilé kejì, ó pa á rẹ́ lójú wa. Ibi tí òrùlé méjì ti pàdé, ewé ti dí i, omi kò rí ọ̀nà lọ. Èyí nìkan ni ó ni abọ́ mẹ́rin nínú mọ́kànlá náà. Ìṣó ti tú lórí góńgó òrùlé. Páànù tí ó kù kò burú tó bí a ti rò. Àwọn tí ó fẹ́ ta ilé bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó dé igun apá Kànga, ibi tí wọ́n ti páànù bò ní ọdún 2009. Ìjì oṣù kẹta ti gbé etí páànù náà sókè, oòrùn àárọ̀ sì wọ inú ihò rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ àwòrán lójú. Igi àjà kan wà níbẹ̀, ó ti dá sí méjì, ikán sì ti jẹ inú rẹ̀ títí ó fi dàbí kànrìnkàn.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà tiro wá sí iwájú, wọ́n là fún un. Ó tẹ̀ ba, ó wo igi náà, ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà níbi tí ó ti dá, gẹ́gẹ́ bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń fi ìka wá ojú pákó. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá Olórí-Ẹbí ti bọ́ fìlà rẹ̀ sí ọwọ́, ó ń yí i.

“Àpá ni igi yìí,” ni Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà wí. “Bí a ó bá pààrọ̀ rẹ̀, ìrókò ni kí ẹ rà.” Ó sì padà sí ìdí àga tí ó ń kàn.